Iná Kò Jó Ẹ̀rí: Ìtàn Ọkọ̀ Clotilda àti Àwọn Ènìyàn tí Ó Kó Lọ

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Irọ́ tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lónìí ju ogún ọdún lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 1860, òtítọ́ kò sì bá a tán pátápátá títí di 2019.

Kí n tó wọ inú ọ̀rọ̀ náà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó gbé mi débẹ̀. Ní ilé ìyá mi, ní ẹkùn Kétu, nígbà tí àwọn àgbà bá ń ka ìran wa, tí wọ́n bá dé orí ọmọbìnrin kan, wọn a dákẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọn a ní, ‘Ìyẹn lọ pọn omi, kò dé mọ́.’ Kò sí ibojì rẹ̀ lágbàlá, kò sí ọmọ tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo rò pé odò ni ó gbé e. Ìgbà tí mo bàlágà ni ìyá àgbà pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí ó sọ fún mi pé kì í ṣe odò rárá. Àwọn ọmọ ogun Dàhómì ni ó gbé e. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n lọ tí wọn kò dé ti ń jẹ mí lọ́kàn. N kò sọ pé ọmọ ilé wa náà wọ ọkọ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí a bá mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn kan nínú wọn, a ó mọ irú ibi tí àwọn yòókù lè wọlẹ̀ sí.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1808 ni òfin ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti kọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó ẹrú wọ ilẹ̀ náà láti òkè òkun mọ́. Ẹni tí ó bá ti ní ẹrú nílé lè máa lò ó, ó sì lè tà á fún aládùúgbò rẹ̀, ṣùgbọ́n kíkó ẹrú tuntun wọlé di èèwọ̀. Ní 1820 wọ́n tún mú òfin náà le sí i: wọ́n ní olè ojú òkun ni ẹni tí ó bá ṣe é, ikú sì ni ìyà rẹ̀. Òfin náà le lójú ìwé. Ní ti ìṣe, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n so rọ̀ nítorí rẹ̀, èyí ni Nathaniel Gordon, ní New York, ní 1862. Nítorí náà fàyàwọ́ ènìyàn kò tán. Owó òwú pọ̀, àwọn olóko ń wá ọwọ́ tí yóò ṣiṣẹ́, ojú àwọn aṣọ́bodè kò sì tó gbogbo etí òkun.

Ní ìlú Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ọlọ́rọ̀ kan wà tí a ń pè ní Timothy Meaher. Ó ní ọkọ̀ ojú omi, ó ní ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀, ó sì ní oko. Ọkùnrin yìí fọ́nnu láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì dá owó lé e, pé òun yóò kó ẹrú kún ọkọ̀ kan láti ilẹ̀ Áfíríkà wọ Mobile níṣojú àwọn ìjòyè ìjọba, ẹnikẹ́ni kò sì ní í mú òun. Ẹ kíyè sí i o, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi: tẹ́tẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ tí ó sọ ènìyàn tí ó ju ọgọ́rùn-ún lọ di aláìnílé títí ayé, láàárín àwọn tí ń dá owó lé ọ̀rọ̀ ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

William Foster ni ọ̀gá ọkọ̀ tí Meaher bẹ̀ níṣẹ́. Foster yìí ni ó kan Clotilda ní 1855. Ọkọ̀ onígbòkun ni, òpó méjì ni ó ní, gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 86, ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 23. Igi gẹdú ni ó ti máa ń rù kí ó tó di ọkọ̀ ènìyàn. Ní oṣù kẹta 1860 ó kúrò ní Mobile pẹ̀lú wúrà tí iye rẹ̀ tó 9,000 dọ́là. Nígbà tí àwọn atukọ̀ mọ irú ìrìnàjò tí wọ́n wà, wọ́n yarí. Foster fi ìlérí owó tù wọ́n nínú. Ní ìdajì oṣù karùn-ún ó dé Ouidah, ìlú tí àwọn Fọn ń pè ní Glexwe, níbi tí ọba Dàhómì ti ń ta ènìyàn fún àwọn aláwọ̀ funfun.

Ọba Glele ni ó wà lórí oyè nígbà náà. Ọdún 1858 ni ó jọba lẹ́yìn Gezo baba rẹ̀. Gbogbo wa ni a mọ Gezo nínú ìtàn, òun ni àwọn Ẹ̀gbá lé padà lẹ́yìn odi Abẹ́òkúta ní 1851. Ọmọ rẹ̀ kò jáwọ́ nínú ìṣe náà. Ọdọọdún ni ogun Dàhómì ń jáde, ìlú kéékèèké tí kò ní odi bíi ti Abẹ́òkúta ni ó sì ń jìyà rẹ̀ jù.

Nínú ọ̀kan nínú irú ìlú bẹ́ẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tí ó tó ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún. Kossola ni orúkọ rẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Sylviane Diouf, nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 2007, tọpasẹ̀ ìlú rẹ̀ títí dé agbègbè Bantè ní ilẹ̀ Benin òde òní, láàárín àwọn Ìṣà tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà Yorùbá. Kossola fúnra rẹ̀ ròyìn pé ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ni ogun já lù wọ́n. Ó ní àwọn obìnrin wà nínú àwọn jagunjagun náà, agbára wọn sì ju ti ọkùnrin lọ. Ẹni tí ó sá dé ẹnubodè, ẹnubodè ni wọ́n ti mú un. Wọ́n bẹ́ ọba ìlú náà lórí, wọ́n kó orí àwọn tí wọ́n pa dání, nígbà tí orí náà sì ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà, wọ́n dúró láti fi èéfín yan wọ́n. Ó lé ní ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà kí Kossola tó sọ èyí fún ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀, síbẹ̀ nígbà tí ó dé ibẹ̀, ẹnu rẹ̀ wúwo, kò lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Wọ́n kó wọn dé Ouidah, wọ́n há wọn mọ́ inú àgọ́ ẹrú létí òkun. Foster wá, ó ń wo eyín, ó ń wo ẹsẹ̀, bí ẹni tí ń ra màlúù. Ó yan ènìyàn 125. Bí wọ́n ti ń kó wọn wọkọ̀, ẹ̀rù bà á pé àwọn ọkọ̀ kan ń bọ̀ wá mú òun, ó sì ta ìgbòkun kí gbogbo wọn tó wọlé tán. 110 ni ó kó lọ. Kossola ní ọjọ́ kẹtàlá ni wọ́n tó kọ́kọ́ mú àwọn gòkè láti inú òkùnkùn ikùn ọkọ̀, àti pé òǹgbẹ omi ni ìyà tí ó burú jù.

Ní oṣù keje 1860 ni wọ́n gúnlẹ̀ sí àgbègbè Mobile. Òru ni wọ́n fi fa ọkọ̀ náà gba ojú odò lọ sókè. Wọ́n kó àwọn ènìyàn sínú ọkọ̀ mìíràn, wọ́n lọ fi wọ́n pamọ́ sínú ẹrọ̀fọ̀ àti igbó ìyè, wọ́n ń gbé wọn káàkiri kí ẹnikẹ́ni má baà rí wọn. Ní ti Clotilda, Foster ti iná bọ̀ ọ́, ó sì jẹ́ kí ó rì. Ìdí rẹ̀ kò fara sin: ọkọ̀ ni ẹ̀rí. Ẹni tí ó bá wọ inú rẹ̀ yóò gbọ́ òórùn ènìyàn, yóò rí ibi tí wọ́n sùn sí. Bí ọkọ̀ kò bá sí, tí ènìyàn kò sì sí ní gbangba, kí ni adájọ́ yóò fi dájọ́?

Bí wọ́n ti rò ó náà ni ó rí. Òfófó kò pẹ́ dé etí ìjọba. Wọ́n pe ẹjọ́, wọ́n rán àwọn ìjòyè lọ wá àwọn ènìyàn náà nínú oko, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n ti kó wọn lọ sí ibòmíràn. Ní oṣù kìíní 1861 ẹjọ́ náà kú. Oṣù náà gan-an ni Alabama yapa kúrò lára ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ogun abẹ́lé sì bò ó mọ́lẹ̀. Meaher kò sùn sẹ́wọ̀n, Foster kò sùn sẹ́wọ̀n. Wọ́n pín àwọn ènìyàn náà láàárín ara wọn àti ọ̀rẹ́ wọn, wọ́n sì ta àwọn mìíràn lọ sí ọ̀nà jíjìn.

Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ní oṣù kẹrin 1865, àwọn ọmọ ogun ìjọba wá sọ fún wọn pé wọ́n ti di òmìnira. Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n rò ni ilé. Wọ́n fẹ́ tu owó jọ kí wọ́n wọkọ̀ padà, ṣùgbọ́n owó náà kò lè tó. Wọ́n wá rán Kossola sí Meaher pé níwọ̀n ìgbà tí ó ti kó àwọn kúrò ní ilẹ̀ àwọn, kí ó fún àwọn ní ilẹ̀ díẹ̀ níbí. Meaher kọ̀ jálẹ̀, inú sì bí i. Ẹni tí ó jí ọ gbé ni ó ń bínú pé o béèrè ibi tí wàá sùn! Wọ́n ṣiṣẹ́, wọ́n tọ́jú owó, wọ́n sì ra ilẹ̀. Kossola ra éékà méjì ní 1872 ní 100 dọ́là. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ ìlú tí a ń pè ní Africatown dó. Wọ́n fi Gumpa jẹ olórí. Ọmọ Dàhómì ni Gumpa, ìbátan ọba tí ó tà wọ́n ni. Ọba náà ti fi òun náà ta Foster lọ́rẹ. Nígbà tí ìyà ti pa wọ́n pọ̀, wọn kò ka ẹ̀ṣẹ̀ ìdílé rẹ̀ sí i lọ́rùn.

Kossola fẹ́ Abile, tí òun náà wọ Clotilda. Wọ́n bí ọmọkùnrin márùn-ún àti obìnrin kan. Orúkọ méjì ni wọ́n sọ ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti ilé, èkejì tí ẹnu àwọn ará Amẹ́ríkà lè pè. Adeniah ni orúkọ ilé ọ̀kan nínú wọn. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò gbọ́ ọ tí kò ní í rántí Adéníyì?

Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ náà kò pẹ́ láyé. Àìsàn pa ọmọbìnrin náà ní 1893, nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ní 1902 òṣìṣẹ́ agbófinró kan yìnbọn pa ọmọ tí ń jẹ́ Cudjo bí baba rẹ̀. Ní ọdún yìí kan náà ọkọ̀ ojú irin kọlu Kossola lórí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin rẹ̀, kò sì lè ṣiṣẹ́ agbára mọ́. Ó pe ẹjọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ onídàájọ́ ní kí wọ́n san 650 dọ́là fún un, ṣùgbọ́n kóòtù gíga fagi lé ìdájọ́ náà, kò sì fi ojú kan kọ́bọ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ọkọ̀ ojú irin tún pa Adeniah.

Ẹ̀gbọ́n Adeniah kan wà tí ń jẹ́ Pollee. Ikú àbúrò rẹ̀ bí i nínú gidigidi. Ó fẹ́ kí baba rẹ̀ tún pe àwọn onírélùwéè lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n baba ti rí ohun tí kóòtù ṣe fún òun. Ní ọjọ́ kan Pollee ní òun ń lọ pẹja. Ẹnì kan rí i tí ó dorí kọ ọ̀nà Twelve-Mile Creek. Kò padà dé. Wọ́n wá a títí, wọn kò rí i, wọn kò rí òkú rẹ̀. Àwọn kan ní wọ́n pa á, àwọn kan ní ó ti wá ọ̀nà padà sí ilẹ̀ Áfíríkà. Nígbà tí mo ka ibẹ̀, mo pa ìwé dé. Baba tí wọ́n jí gbé kúrò nílé rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ jókòó tí kò mọ ibi tí ó wà, òun náà ni ó wá jókòó ní Alabama tí ń wo ọ̀nà odò fún ọmọ tirẹ̀. ‘Ó lọ pẹja, kò dé mọ́.’ ‘Ó lọ pọn omi, kò dé mọ́.’ Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ní etí òkun méjèèjì.

Báwo wá ni òtítọ́ ṣe jáde? Lọ́nà àkọ́kọ́, ẹnu àwọn ọ̀daràn ni. Nígbà tí ogun ti tán tí ẹ̀rù òfin kò sì bà wọ́n mọ́, Meaher ń fi ìtàn náà yangàn fún àwọn oníwèé ìròyìn, Foster sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìròyìn ìrìnàjò náà sílẹ̀ ní 1890. Ẹni tí ó yàgbẹ́ a máa gbàgbé, ẹni tí ó kó o kì í gbàgbé; ṣùgbọ́n àwọn wọ̀nyí kò tilẹ̀ gbàgbé, wọ́n kàn rò pé kò sí ẹni tí ó lè fi wọ́n ṣe nǹkan kan ni. Wọn kò sì ṣìnà.

Lọ́nà kejì, àwọn tí ó wá bi àwọn tí ọ̀ràn kàn. Emma Roche tẹ ìwé jáde nípa wọn ní 1914. Ní 1927 àti 1928 ni Zora Neale Hurston, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí ó jẹ́ ògbóǹtarìgì òǹkọ̀wé, wá sọ́dọ̀ Kossola. Ó pè é ní orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́, omijé sì bọ́ lójú àgbàlagbà náà, nítorí kò sí ẹni tí ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó fẹ́ ya fọ́tò rẹ̀, ó wọ aṣọ tí ó dára jù, ṣùgbọ́n ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ dúró láàárín ibojì àwọn ẹbí rẹ̀, nítorí ó fẹ́ rí bí ẹni tí ó wà ní Áfíríkà. Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí náà, nítorí òtítọ́ ni a ń wá: àròkọ àkọ́kọ́ tí Hurston tẹ̀ jáde nípa Kossola ní 1927, púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ó dà kọ láti inú ìwé Roche, lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé sì tú àṣírí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó padà lọ, ó jókòó, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ láti ẹnu ẹni tí ó ni ín, ó sì kọ ọ́ bí ẹni náà ti sọ ọ́. Àwọn atẹ̀wé ní kí ó tún èdè bàbá náà ṣe kí ó di gẹ̀ẹ́sì gidi, ó kọ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀ ìwé Barracoon wà nínú àpótí láti 1931 títí di 2018. Kossola ti kú ní 1935, Hurston ní 1960.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn gbà pé Kossola ni ó gbẹ̀yìn nínú àwọn tí ó wọ Clotilda. Ní 2019 àti 2020 Ọ̀mọ̀wé Hannah Durkin fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Redoshi wà láyé lẹ́yìn rẹ̀, Matilda McCrear sì wà títí di 1940. Ọmọ ọdún méjì péré ni Matilda nígbà tí wọ́n gbé òun, ìyá rẹ̀ àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Wọ́n ta àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ méjì sí ibòmíràn, wọn kò sì fojú kàn wọ́n mọ́. Ilà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ títí ó fi kú. Ní 1931, nígbà tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó fi ẹsẹ̀ rìn nǹkan bíi máìlì 15 lọ sí kóòtù ní Selma láti béèrè owó ìtánràn fún ohun tí wọ́n ṣe sí òun. Wọ́n dá a padà lọ́wọ́ òfo. Adájọ́ kò rí ìwé. Ilà ojú rẹ̀ ni ìwé, wọn kò sì mọ̀ ọ́n kà.

Lọ́nà kẹta, ilẹ̀ àti omi. Àwọn ará Africatown ń sọ fún ọmọ wọn láti ìran dé ìran pé ọkọ̀ náà wà nínú odò. Àwọn kan ń fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà pé àlọ́ ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2018 akọ̀ròyìn kan rí àfọ́kù ọkọ̀ kan, ariwo ta, ṣùgbọ́n ọkọ̀ mìíràn ni. Wọn kò dẹ́kun. Ní oṣù karùn-ún 2019 Ìgbìmọ̀ Ìtàn ti Alabama kéde pé wọ́n ti rí Clotilda nínú ẹrọ̀fọ̀ odò Mobile, nítòsí erékùṣù Twelve Mile Island. Wọ́n wọn gígùn àti ìbú rẹ̀, ó bá ìwé ọkọ̀ mu. Irú igi tí wọ́n fi kàn án àti irú ìṣó rẹ̀ bá ti inú ìwé mu. Àpá iná sì wà lára rẹ̀. Ẹrọ̀fọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi bo ẹ̀rí mọ́lẹ̀ ni ó pa á mọ́ kí ó má baà jẹrà. Púpọ̀ nínú ikùn ọkọ̀ náà, níbi tí wọ́n há àwọn ènìyàn sí, ni ó ṣì dúró.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ó rọrùn láti ka ìtàn yìí kí a sì fi gbogbo ìbínú wa rán Meaher. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n àwọn ará Dàhómì ni ó tà wọ́n, àwa náà kò sì mọ́. Ọdún 1860 yìí kan náà ni ogun Ìjàyè bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwa Yorùbá, tí ọmọ Yorùbá ń kó ọmọ Yorùbá lẹ́rú. Ní ilé púpọ̀ a mọ oríkì ẹni tí ó kó ẹrú, a kò mọ orúkọ ẹni tí wọ́n kó. Èyí ni ó yẹ kí ó máa dùn wá.

Nítorí náà mo padà sílé ní ìsinmi tí ó kọjá. Mo jókòó ti ìyá mi, mo ní kí ó sọ gbogbo ohun tí ó mọ̀ nípa ọmọbìnrin tí ó lọ pọn omi. Kò mọ̀ ju pé Àbẹ̀kẹ́ ni oríkì rẹ̀, àti pé ìkòkò omi rẹ̀ ni wọ́n bá létí odò, kò tilẹ̀ fọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kéré, ṣùgbọ́n kí ẹ rántí pé ọ̀rọ̀ kékeré báyìí ni àwọn ará Africatown dì mú títí odò fi jẹ́rìí sí i.

Wọ́n ti rí ọkọ̀ náà. Wọn kò tíì rí Pollee. A kò tíì rí Àbẹ̀kẹ́. Ẹ lọ bi àwọn àgbà yín léèrè nígbà tí ẹnu ṣì wà tí yóò dáhùn.